Àwọn Àna Tí Ìyá Oníkajú Ń Retí

Láti ìgbà tí a ti sin ìyá ìyá mi, àwọn ọmọ ń bi mí pé kí ni mo máa rántí jù lára wọn. N kì í tètè dáhùn. Ọ̀dọ̀ Màmá gan-an ni mo ti kọ́ ìyẹn. Bí ènìyàn bá gbé ọ̀rọ̀ tó gbóná dé iwájú wọn, wọ́n á bu omi mu, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á wá béèrè bóyá ẹni náà ti jẹun. Mo ti rí ọkùnrin tó fi ìbínú wọlé, tó sì jókòó ti àwo iyán kí Màmá tó kan ọ̀rọ̀ tó gbé wá. Nígbà tí mo bi wọ́n ní ìdí rẹ̀, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ tí kò bá lè dúró de oúnjẹ, ìjà ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀."

Ìyá Oníkajú ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ wọ́n sí. Màmá ni èmi ń pè wọ́n, nítorí ọwọ́ wọn ni mo dàgbà sí kí n tó lọ sílé ọkọ ní Ọ̀yọ́, níbi tí mo ti ń ta ike lọ́jà Akẹ̀sán títí di òní. Èmi náà ti ń gbé ọmọ ọmọ jó. Ìwé tí mo kà kò jìnnà, ṣùgbọ́n ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa lè mọ irú ẹni tó bí wa.

Lásìkò kajú, Ìkòyí-Ilé ni Màmá máa ń sùn, lọ́dọ̀ ìyàwó àgbẹ̀ kan, kí wọ́n lè tètè ra ti àárọ̀. Wọ́n á kó o wá sí Sábó, níbi tí àwọn oníṣòwò Haúsá ti ń rà á lọ́wọ́ wọn. Èdè Haúsá tí Màmá gbọ́ kò ju ìkíni lọ, ṣùgbọ́n wọ́n á kí i tán pátá. Wọ́n á kí ilé, wọ́n á kí ọ̀nà, wọ́n á kí àárẹ̀, kí wọ́n tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá Àlùhájì kan jà lórí òṣùwọ̀n. Àlùhájì yìí sọ fún mi rí pé ìjà Màmá dùn mọ́ òun ju ọ̀rẹ́ àwọn mìíràn lọ. Bí a bá sì ti ń padà bọ̀ wálé, Màmá á ní, "Ẹni tí o kò bá kí, o ò lè bá a jà kó dára."

Owó kajú yẹn ni wọ́n fi ra ilẹ̀ sí Under G, àdúgbò kan lẹ́bàá yunifásítì, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó, tí wọ́n sì ń kọ́ yàrá díẹ̀díẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ejò ni wọ́n fẹ́ gbà sílé. Màmá ò jà. Wọ́n kàn ní, "Igbó lẹ̀ ń wò. Èmi ń wo ibi tí ọmọ ọlọ́mọ máa sùn sí."

Àwọn ọmọ ọlọ́mọ náà dé lóòótọ́, wọ́n sì mú orin dé. Tí ariwo bá pọ̀ jù, Màmá kì í bú wọn. Wọ́n á gbé àpótí lọ sí ẹnu yàrá tí orin ti ń dún, wọ́n á jókòó, wọ́n á ní kí wọ́n má pa á o, kí wọ́n kàn máa túmọ̀ ohun tí olórin ń sọ fún àwọn. Ẹ wo ọmọkùnrin gìrìwò tó ń wolẹ̀, tí kò rí ẹnu túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá arúgbó. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un kó tó yí i wálẹ̀. Màmá á gbé àpótí wọn, wọ́n á ní, "Orin tí o ò lè túmọ̀ fún ìyá rẹ, ìwọ nìkan ni kó o máa gbọ́ ọ."

Ẹni tí Màmá bá jà jù láyé ni Gbádé, àbíkẹ́yìn wọn. Àbúrò ìyá mi ni, ṣùgbọ́n mo jù ú lọ, èmi ni mo pọ̀n ọ́n, Àǹtí ló ń pè mí. Páàtì mọ́tò ló ń tà, ó sì máa ń ṣe gbogbo nǹkan bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì jókòó tán tí yóò ti dìde. Nígbà kan ó mú ẹnìkan wá tó fẹ́ ra ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó ní kí Màmá fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀ kí oníbàárà náà tó yí ọkàn padà. Màmá wò ó títí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Gbádé, ìwọ lo dé ilé ayé gbẹ̀yìn nínú àwọn ọmọ mi. Ta ló wá ń lé ọ?"

Gbádé ló bí Tópẹ́, ọmọbìnrin tó ń kàwé ní yunifásítì, tó ń gbé yàrá kan nínú ilé Màmá ní Under G. Tópẹ́ yìí ló wá sí Màmá lọ́kàn lọ́jọ́ tí Làmídì, kíátékà ilé náà, pè wọ́n lórí fóònù.

Làmídì ní àwọn kan tó wọ táì wá, pé wọ́n mú ìwé owó orí wá. Màmá bi í bóyá wọ́n kí èèyàn dáadáa. Ó ní wọ́n kí òun. Màmá ní kó gba ìwé náà, kó fi pamọ́, kó sọ fún wọn pé a ti gbọ́, a ó dá wọn lóhùn.

Ní èdè wa, owó tí ìjọba ń gbà lórí ohun tó ń wọlé fún ènìyàn, owó orí ni. Owó tí ìdílé ọkọ ń san kí wọ́n tó mú ìyàwó lọ, owó orí náà ni. Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti bá Màmá sọ̀rọ̀ èyí àkọ́kọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ni wọ́n ń já fún wọn nígbà tí wọ́n ń ta kajú, wọ́n sì rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìjọba parí sí. Èyí kejì nìkan ló kù létí wọn. Tópẹ́ sì ti tó ilé ọkọ.

Inú Màmá dùn. Èmi nìkan ni wọ́n sọ fún, lórí fóònù, pé ìdílé kan ti ń bèèrè Tópẹ́. Wọ́n ní kí n má sọ fún Gbádé, nítorí ó lè sáré gba iṣu lọ́wọ́ ẹni tí a ò mọ̀. Nígbà tó yá, Làmídì tún pè, ó ní àwọn èèyàn yẹn tún ti mú ìwé mìíràn wá. Màmá ní àna tó ní sùúrù nìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún wá. Wọ́n tún wá. Èmi gan-an bi Màmá pé kí ló dé tí a ò fi tíì dá wọn lóhùn. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ilé ìyàwó tó bá sáré dáhùn, ọjà tó fẹ́ bàjẹ́ ló ń tà."

Ìwé tó tẹ̀lé e kò gba ọwọ́ Làmídì. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì. Tópẹ́ ló kà á nígbà tó ń bọ̀ láti kíláàsì: gbèsè owó orí ilé náà ti pọ̀, èlé àti owó ìtanràn ti gùn ún, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì yọjú láìpẹ́, wọn yóò ti ilé náà pa. Ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ilé yẹn ni Màmá fi ń jẹun, òun ló ń san owó ilé ìwé Tópẹ́ àti ti àwọn ọmọ mìíràn nínú ìdílé. Bí wọ́n bá tì í, kì í ṣe ilé nìkan ni wọ́n tì.

Mo wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, mo wá kí Màmá. Gbádé àti Tópẹ́ jọ wọlé, Gbádé ò tilẹ̀ kí wa.

"Màmá, ìwé owó orí ń wá, ẹ ní kí wọ́n máa fi pamọ́?"

"Mò ń dúró kí wọ́n sọ orúkọ ọkọ ni."

"Ọkọ wo?"

"Ọkọ Tópẹ́."

Gbádé jókòó. Tópẹ́ tó ti ń sunkún láti ọ̀nà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àti ẹkún wá dàpọ̀ lójú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ìjọba ni ọkọ. Ilé yín ló fẹ́ fẹ́."

Màmá bu omi mu, wọ́n nu ẹnu. Wọ́n bi Tópẹ́ bóyá ó ti jẹun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó ka ìwé náà fún àwọn láti òkè dé ilẹ̀, ó kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀.

Gbádé ti ní ohun tó fẹ́ ṣe kó tó wọlé. Ó ní òun mọ ẹnìkan tó mọ ẹnìkan ní ọ́fíìsì owó orí, pé tí a bá fún un ní nǹkan lọ́wọ́, ìwé náà á pòórá. Tàbí ká sáré yí orúkọ ilé náà sí ti ẹlòmíràn. Ìyá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì, tó wá kí Màmá, ní ká fi àwẹ̀ gbé e, ká má dá wọn lóhùn rárá. Màmá jẹ́ kí gbogbo wọn sọ tiwọn tán. Wọ́n ní àwọn máa gba àwẹ̀ náà, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti owó, wọ́n kọjú sí Gbádé.

"Gbádé, nígbà tí o fẹ́ ìyàwó, ṣé ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ bá àna rẹ sọ̀rọ̀ owó orí?"

"Rárá, Màmá. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ la ń—"

"Ṣé o gba ẹ̀yìnkùlé wọn lọ jí i gbé?"

"Rárá, Màmá."

"Alárinà la wá. Ẹni tó mọ ọ̀nà ilé àna, tó mọ ohun tí wọ́n ń gbà àti ohun tí wọn kì í gbà. Ẹ lọ wá alárinà wá fún mi."

Mo ti rò ó títí. Ọ̀rọ̀ kan náà tó ṣi Màmá lọ́nà ni wọ́n yí padà, tí wọ́n fi mú wa bọ̀ sí ọ̀nà. Ẹlòmíràn ì bá máa tijú nídìí àṣìṣe yẹn títí. Màmá mú un lò bí ẹni mú igi tó dí ọ̀nà, tó fi ṣe afárá.

Olùkọ́ Tópẹ́ kan ló júwe Ìyáàfin Ọlátúndé fún wa, akáúńtáǹtì tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó orí ni iṣẹ́ rẹ̀. Èmi àti Gbádé la lọ. Màmá ti ní ká béèrè ilé tí alárinà ti wá, nítorí náà mo sọ fún obìnrin náà pé kó má bínú, pé ìyá wa ní ká wo ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀. Kò bínú. Ó nawọ́ sí i lára ògiri, ó tún sọ bí a ṣe lè wádìí rẹ̀. Ó sọ iye tó máa gbà fún iṣẹ́ náà kó tó ṣí ìwé kankan. Ó kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni lówó lọ́wọ́, ó ní bánkì ni owó ìjọba ń gbà. Gbádé ń kùn nínú ọkọ̀ títí a fi délé pé owó tí obìnrin náà bèèrè ti pọ̀ jù. Màmá dá a lóhùn pé, "Alárinà tí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ, ilé àna ló ti ń jẹun."

Ìyáàfin Ọlátúndé wá bá Màmá nílé nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó jẹ iyán. Ó ṣàlàyé pé Màmá ní láti tẹ̀ka sí ìwé kan tó fún òun láṣẹ láti máa sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn. Màmá ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Wọ́n wá bi í léèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa.

"Ọmọ mi, ṣé o lè ní kí wọ́n dárí rẹ̀ jì wá pátápátá?"

"Rárá, Màmá. Ẹ jẹ ìjọba lówó. Ohun tí mo lè ṣe ni pé kí ẹ san iye tó tọ́ sí yín, kí ẹ má san ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n sì fún yín láyè láti san án."

Ojú Gbádé fà ro. Ṣùgbọ́n Màmá tẹ̀ka sí ìwé náà lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, wọ́n sọ fún mi pé, "Alárinà tó bá ní òun á gba ìyàwó fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, ó fẹ́ kí o jí i gbé ni."

Ìyáàfin Ọlátúndé kó gbogbo ìwé tí Làmídì fi pamọ́, ó sì ṣàlàyé fún wa. Nítorí pé a ò dáhùn, àwọn ará ọ́fíìsì ti fojú díwọ̀n owó ilé náà fúnra wọn. Wọ́n kà á bí ẹni pé gbogbo yàrá kún láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, wọn ò mọ̀ nípa èyí tí ìjì ṣí òrùlé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò yọ àkókò tí yunifásítì wà ní títì tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Under G. Ó lọ gba àkọsílẹ̀ owó ilé ní bánkì, ó bá Làmídì yí gbogbo yàrá ká, ó sì tọ́ káfíńtà tó ṣe òrùlé lọ. Ìṣòro kan ló kù. Ó ní àkókò tí òfin fi sílẹ̀ fún ẹni tí ìdíwọ̀n náà kò tẹ́ lọ́rùn láti sọ tẹnu rẹ̀ ti kọjá, a sì ní láti sọ ìdí tí a fi pẹ́.

Gbádé ní kó sọ pé ara Màmá ò yá. Ó ní tí ọ̀rọ̀ ọkọ Tópẹ́ bá dé etí wọn, gbogbo ìlú á fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Ìyáàfin Ọlátúndé ní òun ò lè kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́. Màmá ní, "Kọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín kò ní ráyè bínú."

Ó kọ ọ́. A dúró. N kò ní parọ́, àwọn ọjọ́ yẹn kò rọrùn. Láti Ọ̀yọ́ ni mo ti ń pe Màmá láràárọ̀, wọ́n á ní Ọlọ́run ń bẹ, ṣùgbọ́n Làmídì sọ fún mi pé Màmá ń wá sí Under G, wọ́n á kàn jókòó síwájú ilé, wọ́n á máa wò ó. Àwọn ọmọ inú ilé pa orin wọn fúnra wọn.

Èsì dé. Ìyáàfin Ọlátúndé ní ẹ̀rín ni ọ̀gá ọ́fíìsì náà rín nígbà tó kà á, ó sì ní ìyá òun ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n gbà láti tún un wò. Wọ́n yọ àwọn yàrá tó ṣófo àti àkókò tí ilé ìwé wà ní títì, wọ́n dín owó ìtanràn kù. Ohun tó kù ṣì wúwo, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé kí a máa san án díẹ̀díẹ̀ nígbàkígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá san owó ilé. Wọn ò ti ilé náà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wà títí wọ́n fi ṣe ìdánwò wọn tán.

Lọ́jọ́ tí a máa fọwọ́ sí àdéhùn, Màmá ní àwọn máa lọ fúnra wọn. A ní kò pọn dandan. Wọ́n wọ aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Gbádé fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa. Láti ẹnu géètì ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí ènìyàn, wọ́n kí mẹ́gàádì, wọ́n kí ẹni tó ń gbálẹ̀, Gbádé ń wo aago. Ọ̀gá ọ́fíìsì náà dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí ojú wa pọ́n kí ẹ tó yọjú." Màmá ní, "Má bínú, ọmọ mi. Mo rò pé àwa ni ilé ìyàwó ni. Nígbà tí mo mọ̀ pé àwa ni ilé ọkọ tó máa sanwó, mo dìde."

Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá gba ìwé owó orí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn tàbí ní Sábó, ọ̀dọ̀ Màmá ló máa kọ́kọ́ gbé e wá. Màmá ò mọ̀ ọ́n kà, wọn kì í sì í ṣe bí ẹni mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní kó gbé e lọ bá Ìyáàfin Ọlátúndé tàbí ẹlòmíràn tó bá ní àṣẹ iṣẹ́ náà, kó sì lọ kíákíá. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi í sábẹ́ ẹní ná, wọ́n á mi orí. "Ìwé ìjọba kì í jẹrà."

Mo dúpẹ́ pé ọwọ́ wọn ni Ọlọ́run fi mí sí. Ẹni tí kò sáré, tí kò sì sá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ọ̀kan nínú méjèèjì.

Màmá lọ lójú oorun, nígbà ọyẹ́, gbèsè náà sì kù díẹ̀. Nínú ìdílé wa, kí wọ́n tó gbé òkú sínú ilẹ̀, ọmọ rẹ̀ kan máa ń dìde láti béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn bóyá olóògbé jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Àwọn tó dàgbà nínú àwọn ọmọ Màmá ti lọ ṣáájú wọn, nítorí náà Gbádé ni ó kàn. Ó dìde. Ó béèrè. Kò sẹ́ni tó ní Màmá jẹ òun, àwọn èèyàn ti ń retí pé kó jókòó. Kò jókòó. Ó ní:

"Kò sí ẹni tí ìyá mi jẹ níbí. Ìjọba ni wọ́n jẹ, àdéhùn sì wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe owó ilé ni a ó fi san èyí tó kù. Èmi ni kí wọ́n máa wò."

Ìyáàfin Ọlátúndé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó fi gèlè nu ojú.

Láìpẹ́ yìí ni Gbádé pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ti san èyí tó kẹ́yìn. Ó ní ẹni tó ń kọ rìsíìtì fẹ́ kọ orúkọ òun sí i, nítorí òun ló mú owó wá, òun sì ní kó má kọ ọ́. Mo ní orúkọ ta ló wá kọ?

"Àǹtí, orúkọ Màmá ni. Àwọn ni wọ́n jẹ ẹ́, àwọn náà ni wọ́n san án."